Èmi Ni Mo Ń To Pẹpẹ "Jẹ́ Kó Kún"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ní Ìjòkó níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, kò sì tíì mọ ibi tí yóò forí lé. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ó bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì?"

Mo ní, "Mò ń to ọjà sórí pẹpẹ ni."

"Ní ṣọ́ọ̀bù ta ni?"

"Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tajà. Inú tẹlifíṣàn ni."

Ló bá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Màmá! Ẹ má sọ pé 'Jẹ́ Kó Kún' ni o!" Kí n tó dáhùn, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń ti tírọ́lì, ó sáré yí kànga po, ó ń pariwo pé, "Jẹ́ kó kún o! Jẹ́ kó kún!" Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ eré náà ni o. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe sọ pé kí n jókòó, kí n ro ìtàn náà bó ṣe rí.

Fún ẹni tí kò bá wò ó rí, eré ìdíje ni. Ìdílé méjì ni yóò wá. Atọ́kùn yóò pa àlọ́ nípa ohun tí a ń rà sílé, bíi: "Mo wọ inú omi, wọn ò rí mi mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ahọ́n ló mọ̀ pé mo dé." Ẹni tó bá mọ̀ pé iyọ̀ ni yóò sáré wọ àárín pẹpẹ lọ mú un wá. Ìdílé tó bá borí yóò wá ti tírọ́lì wọ inú ọjà wa, ohunkóhun tó bá sì kó sínú rẹ̀ kí aago tó lù, tirẹ̀ ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í fi mọ́tò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ìrẹsì, wàrà, ọṣẹ, òróró, súgà, ohun tó wà nílé gbogbo ènìyàn náà ni. Síbẹ̀, bí ó bá ti tó àkókò rẹ̀, àdúgbò á pa lọ́lọ́.

Ọmọ Àtàn-Ọ̀tà ni mí, Mojísọ́lá lorúkọ mi. Ẹ̀gẹ́ ni àwọn òbí mi ń gbìn. Kí n tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Agbára. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní í gbé wa lọ, òun náà ní í dá wa padà. Ọṣẹ ni mò ń dì sínú páálí títí imú mi kò fi gbọ́ òórùn nǹkan mìíràn mọ́. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ páálí tò ní ilé ìkẹ́rù kan lójú ọ̀nà Ìdíròkò, pé tẹlifíṣàn ni wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò burú, kò sì dára. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọwọ́ Àlàájì Tìámíyù ni wọ́n fà mí lé. Ọmọ onílẹ̀ Ọ̀tà ni, ọkùnrin kúkúrú tí fìlà rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí. Ó ti ṣe olórí àwọn tó ń to ọjà ní ilé ìtajà ńlá tí àwọn òyìnbó kan ní l'Ékòó, kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Kò kí mi káàbọ̀. Ó wo èékánná mi, ó ní, "Lọ gé e ná."

Mo rò pé mo mọ páálí tò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo to agolo tòmátò bí ilé alájà, ó ga, ó rẹwà, mo wá dúró tì í, mò ń retí ìyìn. Àlàájì rìn dé ibẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án. Gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀ gbàràgàdà.

Ó ní, "Ìka mi nìyẹn o. Ìyá tó ń sáré tí ìgbáròkó rẹ̀ bá kàn án ńkọ́?"

Mo ní, "Àlàájì, ẹ má bínú, mo fẹ́ kó lẹ́wà lójú kámẹ́rà ni."

"Ẹwà tó ń pa ènìyàn. Tún un tò, Mojí."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ìgò kan ṣoṣo bá dojú kọ ibi tí kò yẹ, yóò ní kí n tú pẹpẹ náà palẹ̀. Ó ní kí n wé gèlè, kí n wọ bàtà gogoro, kí n ti tírọ́lì sáré láàárín pẹpẹ, nítorí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ọdún ni àwọn tó ń wá ṣeré máa ń wọ̀ wá. Ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi bá ti kan nǹkan, yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á ti funfun fún ṣọ́ọ̀kì. Mo sunkún níbi iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́. Ó sì máa ń rí mi. Á ní, "Ẹni tó ń sáré ò ní ojú, Mojí. Ìwọ ni ojú rẹ̀. Nu omijé yẹn kúrò, kó o lè ríran fún un."

Nígbà kan, ó rán mi lọ jókòó ní ọjà Sàngó, pé n kò gbọdọ̀ ra nǹkan kan, kí n kàn máa wòran. Nígbà tí mo padà dé, ó bi mí pé, "Kí lo rí?"

"Mo rí àwọn ènìyàn tó ń rajà."

"O ò rí nǹkan kan. Padà síbẹ̀ lọ́la."

Mo padà lọ títí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ fi rò pé olè ni mí. Níkẹyìn mo wá sọ fún un pé, "Àlàájì, mo rí i pé wọ́n máa ń na ọwọ́ sí nǹkan, wọ́n á sì tún fà á padà. Bóyá wọ́n rántí owó ilé ìwé, bóyá ọkọ, n ò mọ̀. Gbogbo wọn ló ń fa ọwọ́ padà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Alihamudulilai. O ti wá mọ ohun tí à ń ṣe níbí. Níbi tiwa, wọn kì í fa ọwọ́ padà."

Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀tà ń yí padà lójú wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá dé, yunifásítì tẹ̀lé e, oko tí a ti ń he ẹ̀kùrọ́ di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn àlejò ń wọlé láti ibi gbogbo: akọrin, dírẹ́bà ìjọ, olùkọ́ yunifásítì, àwọn tó ń se oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ìjọ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, tí mo bá ní pẹpẹ ni mò ń tọ́jú, wọ́n á ní, "Ògo fún Olúwa!" Wọ́n á rò pé pẹpẹ tí wọ́n ti ń gbàdúrà ni. Kí n tó lè ṣàlàyé, wọ́n á ti ní kí n máa rántí àwọn nínú àdúrà.

Gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń wá ṣe "Jẹ́ Kó Kún". Inú ọjà wa ni mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja kó lè mú ìyẹ̀fun tó wà nísàlẹ̀. Bàbá arúgbó kan láti Ìyẹsí ni n kò lè gbàgbé. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló borí, wọ́n bá fa tírọ́lì lé e lọ́wọ́. Agogo ìbẹ̀rẹ̀ dún, gbogbo ilé ń pariwo, bàbá ń rìn jẹ́jẹ́. Ó mú agolo sàdíìnì kan, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

"Bàbá, ẹ sáré!" Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fò sókè. "Ẹ sáré, bàbá!"

Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Ta ló ń lé mi?"

Aago lù, sàdíìnì yẹn nìkan ló wà nínú tírọ́lì. Inú bàbá dùn ju ti ẹnikẹ́ni tó kó ìrẹsì lọ. Fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn náà, bí o bá ní kí ènìyàn ṣe kíá ní Sàngó, ohun tí yóò dá ọ lóhùn ni, "Ta ló ń lé mi?"

Bí ẹ bá bi mí ìdí tí eré náà kò fi sú ènìyàn, èmi á ní nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ọjà rà ni. Bọ́ọ̀lù, ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Òṣèlú, ó ní àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà nílé tí ẹsẹ̀ ń dùn, bó bá rí ẹni tó fi òróró sílẹ̀ tó ń kó bisikíìtì, á na ọwọ́ sí tẹlifíṣàn, á ní, "Aláìmọ̀kan! Òróró! Òróró ni kó o mú!" Adájọ́ ni gbogbo wọn.

Mo fẹ́ sọ ti ìjàmbá wàyí, kí n tó máa fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ òróró kan ló ń fi owó ran eré náà lọ́wọ́ nígbà yẹn. Wọ́n fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì òróró wọn wà lókè téńté, kí kámẹ́rà lè máa rí i. Àlàájì kọ̀. Ó ní ohun tó wúwo kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ìyáàfin Fúnmi, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ tó sì jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa, wá bá a níwájú mi.

"Àlàájì, ẹ dákun. Bí wọ́n bá lọ, eré tán nìyẹn. Ọjọ́ kan péré ni."

Àlàájì ní, "Ọjọ́ kan náà ni ìjàmbá ń fẹ́, Ìyáàfin."

"Kí ni kí n wá ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ yìí?"

"N ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò ní sí níbẹ̀."

Ilé-iṣẹ́ náà kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwọn wá, wọ́n kan pẹpẹ gíga kan, wọ́n sì to kẹ́ẹ̀gì sí i lókè. Àlàájì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Èmi náà dúró tì í.

Ẹni tó borí lọ́jọ́ náà ni Ìyá Ìfẹ́, obìnrin tó ń gbá ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní yunifásítì kan. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà lè sáré! Ìrẹsì wọlé, wàrà wọlé, ó fi ẹ̀rín yà sí ọ̀nà tí pẹpẹ tuntun wà, ẹnu tírọ́lì rẹ̀ sì kọlu ẹsẹ̀ pẹpẹ náà. N kò gbọ́ ariwo kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i tí òkè tẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀. Ìgbà yẹn ni igbe ta.

Òróró ti kún ilẹ̀. Mo sáré, mo ṣubú, mo rákò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ó dojú kọ ibi tí ẹsẹ̀ kì í dojú kọ. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé aago ti lù?"

Mo ní, "Kò tíì lù, ìyá mi. Kò tíì lù."

Kò kú. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ ní ọsibítù, Àlàájì kò sì yé lọ síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jókòó ti ibùsùn rẹ̀ tó ní, "Ìyá Ìfẹ́, ẹ foríjì mí."

Ẹnu ya obìnrin náà. "Àlàájì, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́. Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà," ni Àlàájì wí. Nígbà tí a jáde, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti to tèmi tán, Mojí." Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ lójú títì, kò gbà.

Eré dúró. Ilé-iṣẹ́ òróró náà sá lọ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Onílé sì fẹ́ fi ilé náà fún ẹlòmíràn, nítorí kò sí ilé ìkẹ́rù tó ṣófo ní Ọ̀tà nígbà yẹn tí ìjọ kan kò ní wá wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, pásítọ̀ kan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, wọ́n ń fi tépù wọn ilẹ̀. Èmi àti Ìyáàfin Fúnmi ń kó ìyókù ọjà sínú páálí. Bí a ṣe wà nìyẹn tí a gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìfẹ́ ni, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Ìyáàfin Fúnmi. Ó rò pé ọlọ́pàá ló kù tí wọn ò mú wá.

Ìyá Ìfẹ́ wo pẹpẹ tó ṣófo. "Níbo lẹ kó ọjà lọ?"

"Màmá, a ti ń palẹ̀ mọ́," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n ṣe…"

"Ohun tí mo fẹ́ ni kí n parí eré mi. N ò tíì gbọ́ aago. Àǹtí yìí sọ fún mi pé kò tíì lù." Ó na ọ̀pá sí mi. "Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà lórí ibùsùn yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ń bi mí pé kí ni mo rí kó. Kí ni kí n wí fún wọn?"

Ọ̀gá mi fi páálí bo ojú, ó ń sunkún. Pásítọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ti dúró, tépù gùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wo Ìyá Ìfẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká tépù náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ilé pọ̀ ní Ọ̀tà. Ẹ jẹ́ kí màmá parí eré wọn." Wọ́n lọ. Onílé bínú, ṣùgbọ́n ó fún wa ní àkókò díẹ̀ sí i nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ni mo to ọjà náà. Kò sí pẹpẹ kan tó ga ju àyà mi lọ, mo sì ní kí wọ́n fi irin de ẹsẹ̀ gbogbo wọn mọ́ ilẹ̀. Mo lọ bẹ Àlàájì nílé pé kó wá fojú kàn án ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó wá. Kò fi ìka kàn án lọ́tẹ̀ yìí, èjìká ló fi tì í, ó fi gbogbo agbára tì í. Pẹpẹ kò mira. Kò yìn mí. Ó tún fìlà rẹ̀ tò, ó wá jókòó sáàárín àwọn tó wá wòran.

Ọkọ Ìyá Ìfẹ́ ń ti tírọ́lì, òun ń fi ọ̀pá júwe. "Ìyẹn! Rárá, tẹ̀gbẹ́ rẹ̀! Bàbá Ìfẹ́, ṣé wàrà nìyẹn jọ lójú yín?" Ohun tó bá ní kó mú kọ́ ni ọkùnrin náà ń mú. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo wo ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lu aago. Ó ń wo ojú ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa ń wo àjà. Aago kò lù títí ọṣẹ fi ń já bọ́ láti orí tírọ́lì. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún sọ pé "Jẹ́ Kó Kún" yóò kú.

Iṣẹ́ yí padà lọ́wọ́ mi, bí ewé ti ń yí lórí igi. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà tóbi bí àgbá omi, ọkùnrin méjì ní í gbé e. Báyìí, ọmọge kan lè mú un dání bí ìpọnmi. Mo fi bírò kọ iye owó ọjà mọ́ páálí kéékèèké rí. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn tó ń lẹ bébà iye owó dé, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan iná pupa ka iye owó, tó ń dún píìn. Níkẹyìn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá tó ń ya pẹpẹ kí a tó kàn án. Mo kọ́ ọ. Ojú tì mí lákọ̀ọ́kọ́, nítorí àwọn tó ń kọ́ mi lè jẹ́ ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ti dàgbà jù láti kọ́ nǹkan tuntun ti to ara rẹ̀ sẹ́yìn pẹpẹ. Àwọn ọmọ ń wo eré náà lórí fóònù nínú mọ́tò báyìí, ní gígé kéékèèké. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín kò yàtọ̀.

Àlàájì ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ pè mí sí àárín ẹbí níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní bàbá wọn a máa pè mí ní ọmọ. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ létí mi rí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀gá yín bá le, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nítorí ara rẹ̀ ló ṣe le ni, tàbí nítorí ẹni tí iṣẹ́ náà máa kàn. Bó bá jẹ́ tèkejì, ẹ dúró tì í. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ẹlòmíràn ti ń gba ti ọ́fíìsì wọlé, ẹlòmíràn ń gba ti pẹpẹ.

Òfin kan wà tí a kò fi ṣeré níbi iṣẹ́ wa: òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ díje, nítorí a mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo wọ aṣọ tó dára wá, mo rò pé àkàrà òyìnbó ni wọ́n máa gé. Kúnlé, ọkùnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ tó wá gba ipò mi, fa tírọ́lì kan lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Òfin ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, a ti tún gbogbo ọjà tò. Ẹ ò mọ ibì kankan níbẹ̀ mọ́."

Mo rò pé àwàdà ni, àfi bí agogo ìbẹ̀rẹ̀ ṣe dún. Mo yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí ìrẹsì máa ń wà, oúnjẹ ajá ni mo bá. Mo sáré lọ síbi wàrà, ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo sọnù! Èmi tí mo lè di ojú mú iyọ̀ níbẹ̀! Àwọn ènìyàn ń pariwo, àwọn kan ní ọ̀tún, àwọn kan ní òsì, gèlè mi tú, mo ń kó ohun tí ọwọ́ mi bá ti bà: ìlédìí ọmọ tuntun, oúnjẹ ajá, àgbàdo inú agolo, àbẹ́là. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí mo wá rí ìrẹsì lókèèrè, tí mo ti ń na ọwọ́ sí i, aago lù.

Ẹnu ara mi ni mo gbọ́ tó ń ké pé, "Ó kù díẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀!"

Gbogbo ẹni tó bá díje ló máa ń ké bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, mo rò pé ọ̀kánjúwà ni. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ó kàn dùn ni, ènìyàn ò sì fẹ́ kó tán.

Kúnlé ń bọ̀ wá gba tírọ́lì náà lọ́wọ́ mi, bí a ti í ṣe, kí wọ́n lè bá mi kó o sínú àpò. N kò fún un. Mo tì í gba àárín àwọn òǹwòran kọjá, mo tì í gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú oòrùn, mo tì í dé géètì. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n ń bi mí pé, "Màmá, kí lẹ rí kó?"

Mo ní kí wọ́n wá wò ó.